Tónà Tí Kì í Ta Ojú

Ẹni tó bá ń ta ìpara, ojú rẹ̀ ni wọ́n ń rà. Bí oníbàárà bá wọ ṣọ́ọ̀bù wa ní Ìkàrẹ́, kò ní wo ohun tí wọ́n kọ sára ìgò. Ojú rẹ ni yóò wò, yóò ní, "Ìwọ ńkọ́, kí lò ń lò?" Ẹ wá rò ó wò: ní ìgbà ọyẹ́ tí mò ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́, ojú tèmi bó bí iṣu sísun tí wọ́n họ láàbọ̀.

Tónà ló fà á. Tónà ni omi tí à ń fi òwú nu ojú lẹ́yìn tí a bá fọ̀ ọ́ tán, ká tó fi ìpara sí i. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé èyí tó bá ta ojú ló ń ṣiṣẹ́, èmi náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Ọtí àti lọ́fínńdà ló kún inú tèmi. Bó bá ti ń jó mi, inú mi á máa dùn pé owó mi ò gbé. Àṣé ara mi kì í gba ìgbàkugbà. Ó yún, ó pọ́n, ó bó.

Alhaja, ọ̀gá mi, gbé òmíràn fún mi, tí kò lọ́tí, tí kò ní òórùn.

"Fi sẹ́yìn etí ná. Bó bá dọ̀la tí kò yún ẹ, kó o tó fi kan ojú."

Ó tù mí lára lóòótọ́, àmọ́ ojú tó ti bó kì í jinná lóòjọ́. Mo wá ìbòmú wọ̀, mo ní eruku ọyẹ́ ni. Ojú ń tì mí, ẹ̀rù sì ń bà mí pé bí oníbàárà bá rí mi, Alhaja á ní kí n máa lọ sílé.

Lọ́jọ́ kan ni tísà kan wá láti Ọ̀kà, tó fi gèlè bo ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Ojú mi ò gba nǹkan kan mọ́. Ìgbéyàwó ọmọ mi sì ti dé tán. Báwo ni mo ṣe fẹ́ dúró níwájú àna báyìí?"

Mo gbé èyí tí kì í ta fún un. Ó kán an sẹ́yìn ọwọ́.

"Omi lásán rèé! Ṣé ẹ fẹ́ lù mí ní jìbìtì ni?"

"Àǹtí, òun gan-an ni mò ń lò."

"Ìwọ? Ṣí ìbòmú yẹn kí n rí ọ."

Mo wo Alhaja. Alhaja ń wo àjà. Mo ṣí i.

Obìnrin kan lẹ́nu ọ̀nà ní, "Ẹni tí yóò dáni láṣọ..." Kò tíì parí òwe náà tí ẹ̀rín fi gba ṣọ́ọ̀bù. Mo da tónà sí òwú, mo fi nu ibi tó ti bó lójú mi. "Ẹ wò ó, kò ta mí!" Ta ló ń gbọ́? Tísà fa gèlè rẹ̀ wálẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Mo ní kí ilẹ̀ ó lanu, ilẹ̀ kọ̀.

Alhaja ò bá mi wí. Ó kàn ní, "Ráfíátù, máa tú páálí lẹ́yìn ná." "Ná" yẹn dùn mí ju èébú lọ. Ẹ̀yìn páálí ni mo wà láti ọjọ́ náà, tí mò ń sunkún.

Ibẹ̀ ni mo wà ní ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, tí mo tún gbọ́ ohùn tísà.

"Ọmọ tójú rẹ̀ bó dà?"

"Ẹ má bínú, mà," ni Alhaja sọ. "Mo ti gbé e kúrò níwájú."

"Ẹ gbé e padà. Mo rí i tó fi omi yẹn nu egbò, kò tiẹ̀ ṣẹ́jú. Òun ni kó tà á fún mi."

Alhaja pè mí. Mo fa ìbòmú sókè, mo jáde. Tísà ti tú gèlè rẹ̀ sọ́wọ́, gbogbo ojú ló ń wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó pọ́n. Mo ṣí ìbòmú mi, mo fi sápò.

"Ẹ̀yìn etí la máa kọ́kọ́ fi sí, mà."

Ó sì yí etí sí mi.