Bí Mo Ṣe Palẹ̀ Tábìlì Mi Mọ́

Èmi ni mo kọ lẹ́tà náà. Èmi ni mo tún gbà á, tí mo lu òǹtẹ̀ sí i lórí pé ó ti dé ọ́fíìsì. Èmi náà ni mo dì í mọ́ àárín òkú ìwé, tí mo gbé e lọ sin láàyè nínú yàrá ẹ̀yìn, nítorí pé mo gbọ́ ìró lọ́rì tó gbé àgbọn. Bí ẹnikẹ́ni bá mọ òmùgọ̀ tó ju èyí lọ ní gbogbo etíkun Àgbádárìgì, kó mú un wá. Màá dìde fún un lórí àga.

Ọmọ àbúrò mi obìnrin ló rán mi létí ọ̀rọ̀ yìí. Apá Otto ló ti ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì. Ó wá kí mi lọ́jọ́ kan, ó ń ráhùn pé àpótí ímeèlì ibi iṣẹ́ òun ti kún, kò gba lẹ́tà tuntun mọ́. Ó jókòó tì mí, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ fóònù rẹ̀, ó ń kó àwọn lẹ́tà àtijọ́ lọ síbì kan.

Mo ní, "Ṣé o ń dà wọ́n nù ni?"

Ó ní, "Rárá o, Bọ̀ọ̀dá. Mo kàn ń kó wọn pamọ́ ni, kí àyè lè wà. Ìgbà tí mo bá fẹ́ wọn, wọ́n wà níbẹ̀."

Wọ́n wà níbẹ̀. Èmi náà ti sọ ọ́ rí, mo sì ti rí ibi tó gbé mi dé.

Ayé ṣọ́jà ni. Ayé tí a ń tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ nítorí ọṣẹ àti mílíìkì, tí akọ̀wé ìjọba tó bá pẹ́ dé ibi iṣẹ́ yóò máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́ lójú ìyàwó rẹ̀. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà. Ọwọ́ ìkọ̀wé mi tó dára ló gbé mi dé káńsù, kì í ṣe ọpọlọ. Orí tábìlì mi ni gbogbo lẹ́tà tó bá wọlé ń bọ́ sí. Èyí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá tíì tán, a ó kọ ọjọ́ tí a gbọ́dọ̀ tún gbé e jáde fún ọ̀gá sí igun rẹ̀. Èyí tó bá ti tán, ọ̀gá á fi bírò pupa kọ P àti A sí i lórí, ìyẹn ni pé ká gbé e pamọ́. Ká dì í lókùn, ká kó o lọ sí yàrá ẹ̀yìn. Iṣẹ́ náà kò ju kéèyàn mọ òkú yàtọ̀ sí alààyè.

Ṣùgbọ́n nígbà tí kò sówó, ta ló ń dáhùn lẹ́tà? Àwọn alààyè ń pọ̀ sí i, òkú kò pọ̀. Agbọ̀n ìwé mi kún, ó dà sórí tábìlì, tábìlì kún, ó dà sórí àga àlejò. Ó dé ibi pé bí ẹnì kan bá wọlé, ohùn rẹ̀ ni n óò kọ́kọ́ mọ̀ kí n tó rí ojú rẹ̀.

Ọ̀kan nínú ohùn tí mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ti awakọ̀ ojú omi wa. Ẹ̀gùn ni, ó dàgbà jù mí lọ dáadáa. Òun ló máa ń gbé àwọn nọ́ọ̀sì kọjá ọ̀sà lọ sí àwọn abúlé òdìkejì, láti lọ gún àwọn ọmọdé lábẹ́rẹ́. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ́fíìsì, tí gbogbo ìdì ìwé mi ń tú, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí.

"Akọ̀wé," ó ní, "bó bá jẹ́ ọkọ̀ lo so báyìí, òkun ì bá ti gbé e dé Kútọnu."

Ó wá kọ́ mi ní kókó okùn tí àwọn fi ń so ọkọ̀ mọ́ èbúté, èyí tó jẹ́ pé bí ìgbì bá ṣe ń fà á ló ń le sí i. Láti ọjọ́ náà, ìwé káńsù kò tú mọ́ mi lọ́wọ́.

Nígbà tó yá, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà bàjẹ́, kò sì sí ẹ̀yà ara rẹ̀ ní gbogbo ìlú. Àwọn ṣọ́jà dé, wọ́n yẹ orúkọ òṣìṣẹ́ wò, wọ́n ní kí ni awakọ̀ tí kò lọ́kọ̀ ń ṣe. Wọ́n ní kó máa lọ sílé. Ilé wo? Yàrá kan létí èbúté ló ń gbé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, ti káńsù ni. Bí oṣù bá parí, kó kó jáde. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kéde pé ẹni tí wọ́n dá dúró lè kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, pé ìgbìmọ̀ kan máa jókòó lé e lórí. Ó bá wá bá mi.

Mo bi í pé, "Bàbá, kí ni kí n sọ fún wọn?"

"Sọ fún wọn pé mo lè fi àjẹ̀ wa àwọn nọ́ọ̀sì kọjá. Mo ti ń wakọ̀ kí òyìnbó tó kó ẹ́ńjìnnì dé. Apá mi kì í gba epo."

Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo fi "pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀" sí i níwájú àti lẹ́yìn. Ó tẹ̀ka sí i. Mo lu òǹtẹ̀. Mo gbé e sórí àwọn lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ yòókù lórí tábìlì.

Lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n ní ọ̀gá ṣọ́jà ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé wá wo ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan, pé ẹni tí iṣẹ́ bá kún orí tábìlì rẹ̀, ọ̀lẹ ni, yóò bá àwọn tó ti lọ lọ. Mo gbá agbọ̀n ìwé mú. Ọ̀gá mi, obìnrin ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì kan tó fi òwú so ẹsẹ̀ awò ojú rẹ̀, wò mí títí.

"Èyí tó ti tán nìkan ni kí o kó," ó ní. "Má jẹ́ kí ìbẹ̀rù bá ọ ṣa ìwé."

Mo bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Mo ka àwọn tí mo kọ́kọ́ mú láti òkè délẹ̀. Nígbà tó ṣe, ìlà àkọ́kọ́ ni mò ń kà. Nígbà tó tún ṣe, ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́ nìkan ni mò ń wò. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ọkọ̀ ńlá kan tó ń kùn bọ̀ lójú títì. Ẹsẹ̀ mi kò dúró bi mí léèrè. Gbogbo ohun tó wà lórí tábìlì ni mo gbá mọ́ra, mo dì í ní ìdì, ìdì, mo sáré kó o lọ sí yàrá ẹ̀yìn, mo sì fà lára àwọn ìdì àtijọ́ lé e lórí kó má baà hàn pé wọ́n jẹ́ tuntun. Nígbà tí mo jáde, tí òógùn bò mí, mo rí i pé lọ́rì àgbọn ni, ó ń ti Aradagun bọ̀. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n dá, ọjọ́ Ẹtì ni mo ti kú dè wọ́n.

Ọ̀gá ṣọ́jà dé lóòótọ́ ní ọjọ́ Ajé, ọmọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ì bá jẹ́ àbúrò mi. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ fa ìlà lórí tábìlì mi.

"Tábìlì yìí mọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ṣé kò síṣẹ́ níbí ni?"

Gbogbo ìmọ́tótó mi wọmi. Ọ̀gá mi ló dáhùn pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí rẹ̀ ni. Ọmọkùnrin náà mi orí, ó ní ó dáa, pé kí a kó gbogbo ìwé ẹ̀bẹ̀ sílẹ̀, ìgbìmọ̀ máa jókòó kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Mo padà sí yàrá ẹ̀yìn. Páànù rẹ̀ ń jò, afẹ́fẹ́ iyọ̀ ti mú kí gbogbo ìwé máa jẹrà, ikán sì ti ṣe tirẹ̀ lápá ògiri. Gbogbo ìdì tó wà níbẹ̀, èmi ni mo dì wọ́n, okùn kan náà, kókó kan náà, n kò kọ nǹkan kan sára èyíkéyìí. Kókó tí Bàbá kọ́ mi yẹn, bí ó bá ti rin, eyín lèèyàn fi ń tú u. Èékánná mi ṣẹ́. Mo ń tú, mo ń kà, mo ń dì í padà. Mo rí lẹ́tà abúlé kan tó ń bẹ̀bẹ̀ fún kànga. Mo rí òmíràn láti abúlé kan náà, pé àwọn ṣì ń retí èsì ti àkọ́kọ́. Mo rí ti ẹni tó ń wá iṣẹ́ olùṣọ́, tí mo mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Ọwọ́ mi ló kọ ọjọ́ tí a ó tún gbé wọn jáde sí igun wọn. A kò gbé wọn jáde.

Láràárọ̀, Bàbá á wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ fèrèsé.

"Akọ̀wé, ìwé mi ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀, Bàbá."

"Gánjí," á sọ, bí àwọn Ẹ̀gùn ṣe ń pe ohun tó dára. Irọ́ kọ́ ni mo pa. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn.

Àárọ̀ ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ jókòó gan-an ni mo rí àwọn ìwé ẹ̀bẹ̀, ní ìsàlẹ̀ pátápátá, wọ́n rin díẹ̀, wọ́n ṣì ṣeé kà. Mo dì wọ́n papọ̀ dáadáa, mo gbé ti Bàbá lékè. Ọ̀gá mi gbà á, ó kó o wọlé lọ bá wọn. Mo jókòó sídìí tábìlì mi tó mọ́, mo ń gbàdúrà. Ẹ wo ẹni tó ń gbàdúrà.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó jáde, ó gbé ìdì náà ka iwájú mi. Wọ́n ti fi bírò pupa kọ P àti A sí ti òkè. Mo wo okùn náà. Kókó mi ni. Kò sún, kò yẹ̀, ibi tí mo fi ìka tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

"Mà, wọn ò..."

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún, ó sì mọ́ tẹ́lẹ̀. "Wọ́n ti tẹ orúkọ àwọn tó ń padà sẹ́nu iṣẹ́ kí wọ́n tó kúrò ní Ìkẹjà," ó ní. "Gbé e pamọ́, kí o máa lọ sílé."

Mo gbé e pamọ́. Lẹ́yìn náà mo lọ sí èbúté. Ìyàwó Bàbá ń ká ẹní, ìkòkò wọn ti wà nínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n kan tí wọ́n yá. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún Bàbá, títí kan ọ̀rọ̀ lọ́rì àgbọn.

"Mo mọ ti lọ́rì," ó ní. "Mo wà lábẹ́ fèrèsé. O sáré bí adìyẹ tó rí àṣá, mo sì sọ fún ìyàwó mi." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bi mí pé, "Kókó wo lo ta sí i nígbà tí wọ́n gbé e wọlé?"

"Èyí tí ẹ kọ́ mi."

"Wọ́n tú u?"

"Wọn ò tú u, Bàbá."

Ó tẹ̀ba, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn ọkọ̀ náà lára igi èbúté. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó tú. Mo dúró níbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbàgbé. Mo ní kó jẹ́ kí n kọ òmíràn, pé màá fi ránṣẹ́ sí Ìkẹjà tààrà, pé n kò ní jẹ́ kó gba orí tábìlì mi kọjá.

Ó mú àjẹ̀ rẹ̀.

"Má kọ òmíràn mọ́, Akọ̀wé," ó ní. "Yàrá yẹn ti kún."