Bí Àwa Tẹ́lọ̀ Ìgàndó Ṣe Wọ Àwọn Eléré Ìje Yunifásítì Láṣọ

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fi gbogbo ohun tẹ́ ẹ ń ṣe sílẹ̀ ná, kí n ròyìn ohun tójú mi rí láìpẹ́ yìí, torí bí mi ò bá sọ ọ́, ikùn mi á bẹ́!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé tẹ́lọ̀ ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Ìgàndó, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìṣẹ̀rí-Olófin. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, Ìyá Bàràká ni gbogbo àdúgbò ń pè mí. Aṣọ obìnrin ni mò ń rán: bùbá, gáùn, síkẹ́ẹ̀tì. Ẹ má wulẹ̀ bi mí bóyá mo máa ń parí aṣọ lọ́jọ́ tí mo bá dá fún oníbàárà. Ọ̀rọ̀ yẹn kọ́ la wá sọ lónìí jàre!

Bàràká, àkọ́bí mi, ti dé ọdún àṣekágbá ní yunifásítì. Ó ń kàwé, ó sì ń sáré. Eré rílè ni tiẹ̀, èyí tí ọmọ mẹ́rin máa ń sá, tí wọ́n á máa gbé ọ̀pá fún ara wọn. Ẹ wá wo ọmọ náà tó bá ki eré mọ́lẹ̀! Bàbá rẹ̀ máa ń sọ pé ọ̀dọ̀ òun ló ti mú un. Ẹ má dá a lóhùn. Ọkùnrin tí kì í sáré kódà tí òjò bá ń lé e bọ̀!

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, Bàràká wọlé láti ilé-ìwé, ojú rẹ̀ ti wú. Ó kí mi bí ẹni tí wọ́n fipá mú. Mo ní kí ló dé? Ló bá bú sẹ́kún.

Ó ní àwọn tó ń ṣètò ìdíje láàárín àwọn yunifásítì ti sọ ọ́ kanlẹ̀: ẹgbẹ́ rílè tí aṣọ wọn ò bá ti jọra, wọn ò ní jẹ́ kó fẹsẹ̀ kan pápá. Àwọn ọmọbìnrin wa ò sì láṣọ kankan tó jọra. Èyí tí àwọn tó ti jáde fi sílẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀. Ọ̀kan pupa, ọ̀kan búlúù, ọ̀kan sì ti ṣá débi pé èèyàn ò lè sọ àwọ̀ tó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí kóòṣì wọn lọ bá ilé-ìwé, wọ́n ní owó eré ìdárayá ti tán, àwọn elébọ́ọ̀lù ni wọ́n ná an lé lórí. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ náà fara dà á di ọdún tó ń bọ̀.

Ọdún tó ń bọ̀ báwo? Ọmọ tó ń ṣàṣekágbá! Tí Bàràká ò bá sáré lọ́tẹ̀ yìí, ó parí nìyẹn. Látìgbà tó ti wọ ilé-ìwé yẹn ló ti ń jí lọ sí pápá láàárọ̀ kùtù, kò sì tíì ṣojú ilé-ìwé rẹ̀ níbi ìdíje ńlá rí.

Inú bí mi, ká má parọ́. Kì í ṣe ilé-ìwé nìkan ni mo bínú sí. Mo jókòó ti máṣíìnì, aṣọ yí mi ká látilẹ̀ dókè, ọmọ tèmi wá ń sunkún pé òun ò ráṣọ wọ̀! Ṣé ẹ rí irú ẹ̀gbin yẹn?

Ọjọ́ Ajé la máa ń ṣèpàdé ẹgbẹ́ tẹ́lọ̀ àdúgbò wa. Mo dìde, mo ro ẹjọ́ mi. Alága wa, Alhaja Sìkírá, fetí sílẹ̀ dáadáa. Àmọ́ bàbá kan wà láàárín wa tó ń rán ṣòkòtò ọkùnrin, ọmọ Èkìtì ni, Bàbá Èkìtì náà la sì ń pè é. Ó ní iṣẹ́ ìjọba àti ti ilé-iṣẹ́ ńláńlá ni kí wọ́n máa ran eré ìdárayá yunifásítì lọ́wọ́. Kí ló kan tẹ́lọ̀ níbẹ̀?

Ẹ̀yin náà ẹ mọ ẹnu mi. Mo bi í pé ṣé ìjọba ló rán ṣòkòtò tó wọ̀ wá sípàdé ni? Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín! Òun fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí tó fi ń nu ojú.

Alhaja ní ó tó gẹ́ẹ́. Ó ní kò sẹ́ni tó bèèrè owó lọ́wọ́ wa, iṣẹ́ ọwọ́ wa ni wọ́n ń fẹ́, ṣé iṣẹ́ ọwọ́ náà la ó wá máa ṣahun sí? Kíá làwọn èèyàn ti ń nawọ́. Ẹnì kan ní òun á gé e, ẹnì kan ní òun á mú òwú wá. Ìyá tá a máa ń ra aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀ ní Ìkọ̀tún gbé aṣọ tó ń nà sílẹ̀, aláwọ̀ ewé. Ta ló sì yá wa ní máṣíìnì wífìn, èyí tá a fi máa ń di etí aṣọ kó má baà tú? Bàbá Èkìtì náà ni! Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn tán.

Kóòṣì kó àwọn ọmọ wá sí ṣọ́ọ̀bù Alhaja kí á lè wọ̀n wọ́n. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní òun ò mọ bí òun ṣe máa dúpẹ́. A ní kó dìde, kò tíì sí nǹkan tá a ṣe.

Báyìí la gbé tépù. Dúró dáadáa! Nàró! Má mí! A wọn èjìká, a wọn àyà, a wọn ìbàdí. Ẹ mọ àwa tẹ́lọ̀ obìnrin, tí aṣọ bá ti gba ara, tí kò ṣe jọwọlọ, ara wa á yá gágá. A rán an, ó lẹ̀ mọ́ wọn lára bí ẹni pé wọ́n bí i mọ́ wọn. Mo fi etí funfun sí i lọ́rùn àti lápá. Mò ń yangàn kiri ṣọ́ọ̀bù!

Ní ọjọ́ Sátidé, a pàdé ní pápá kan ní Gowon Estate, níbi tí wọ́n ti máa ń ṣe ìmúra sílẹ̀ tí wọ́n bá wálé. Àwọn ọmọ wọṣọ jáde. Ẹ̀yin èèyàn mi, wọ́n rẹwà! Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ń yọrí wò wọ́n. A ya fọ́tò, Alhaja ń gbàdúrà, èmi ń ṣe bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n yìn mí.

Kóòṣì ní kí gbogbo wọn gbára dì bí ẹni tó fẹ́ sáré. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fọwọ́ tẹlẹ̀, wọ́n gbé ìdí sókè.

Fààààà!

Ìdí aṣọ Bàràká ló kọ́kọ́ ya. Kí n tó lanu, fàà, ti ẹnì kejì! Àwọn ọmọ ń fọwọ́ bo ẹ̀yìn, wọ́n ń ké. Kóòṣì yáa kọjú sí ògiri. Àwọn ọmọkùnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa fẹ́ fẹ̀rín kú. Alhaja fa ìbòrí rẹ̀ yọ, ó fi di Bàràká nídìí. Èmi ńkọ́? Ká ní ilẹ̀ lanu, mi ò bá wọlé! Ojú tì mí, ojú tì mí gan-an.

Níbo la ti ṣe é tì? A wọn àwọn ọmọ bí ẹni tó ń lọ síbi ìkómọ, tó máa dúró jẹ́jẹ́, tó máa jókòó jẹ́jẹ́. Ta ló wá ń sáré ní ìnàró ṣánṣán? Máṣíìnì tá a sì fi rán an, òwú rẹ̀ kì í nà. Aṣọ ń nà, òwú ò nà, kí lẹ rò pé ó máa ṣẹlẹ̀?

Ìdíje ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Àwọn kan láàárín wa ti ń sọ pé ká bẹ kóòṣì, pé a ti ṣe ìwọ̀n tágbára wa mọ. Mo wo Bàràká tó jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú ìbòrí Alhaja nídìí, tó ń fa koríko tu. Mo ní rárá o! Mo ní kò sẹ́ni tó ń lọlé. Ẹ gbé tépù!

Mo ní kí àwọn ọmọ tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí wọ́n ṣe wà kó tó ya. Àwa náà kúnlẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n wọ́n níbẹ̀. A wọn ẹ̀yìn nígbà tó nà. A wọn itan nígbà tí ẹsẹ̀ wà lókè. Ọmọ kan di èjìká mi mú kó má baà ṣubú. Alhaja tí orúnkún ń dùn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ kó tó rí ibi tí tépù dé. Ẹni tó bá kọjá lọ́jọ́ náà á rò pé orí wa ti yí! Ẹ jẹ́ kó rò bẹ́ẹ̀ ṣá.

A tú gbogbo ẹ̀, a gé òmíràn. Lọ́tẹ̀ yìí, máṣíìnì wífìn la fi rán an látòkè délẹ̀, torí òwú tirẹ̀ máa ń tẹ̀ lé aṣọ. Bàbá Èkìtì ò jẹ́ kí ẹlòmíì jókòó tì í. Tá a bá rán ọ̀kan tán, á di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì mú, á fà á bí ẹni tó ń bá a jà, kó tó gbé e sílẹ̀. Iná lọ, a tan jẹnẹrétọ̀. A sì parí ṣáájú ọjọ́! Bàràká ní Mọ́mì, ṣé irú ẹ̀ wà lọ́wọ́ yín látọjọ́ yìí ni? Mo ju gèlè mọ́ ọn.

Lọ́jọ́ ìdíje, a kún inú ọkọ̀ Alhaja, ó di pápá. Àwọn ilé-ìwé yòókù wọ aṣọ olówó ńlá, orúkọ báńkì wà lẹ́yìn ẹlòmíì. Tiwa ń dán, aláwọ̀ ewé, etí funfun. Ṣùgbọ́n àyà mi ń já. Tó bá tún ya ńkọ́? Níṣojú gbogbo ayé? Ṣé ọmọ yẹn á tún gbójú sókè mọ́?

Ìbọn dún. Gbàràmù!

Ẹ dárí jì mí, ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò wo eré kankan. Ìdí àwọn ọmọ ni mò ń wò! Ẹni àkọ́kọ́ fò sókè, kò ya. Wọ́n gbé ọ̀pá fún ẹnì kejì, ó nasẹ̀, kò ya. Ẹnì kẹta. Bàràká ló kẹ́yìn. Ó gba ọ̀pá, ó ki eré mọ́lẹ̀, ó na gbogbo ara síwájú, mo wo ojú ibi tá a ti rán aṣọ yẹn títí omi fi bọ́ lójú mi. Kò ya!

Mo dìde, mo pariwo: kò ya o! Alhaja gbà á lẹ́nu mi: kò ya! Bàbá Èkìtì ń fò bí ọmọdé: kò ya! Àwọn tó jókòó yí wa ká ń wò wá, wọ́n ń bi ara wọn pé kí ni kò ya?

Kóòṣì sáré wá bá wa, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ní Ìyá Bàràká, ṣé ẹ rí i? Mo ní mo rí i, kò ya! Ó ní rárá mà, ipò kejì! Wọ́n gba ipò kejì! Ta ló mọ̀? Ẹnì kankan ò mọ̀ lára àwa tẹ́lọ̀.

Bàràká dé pẹ̀lú àmì-ẹ̀yẹ lọ́rùn, ó dì mọ́ mi, òógùn rẹ̀ rin mí. Mo bi í pé aṣọ yẹn ńkọ́, ṣé kò fún un mọ́ra? Ó wò mí bí ẹni tí ìbéèrè náà yà lẹ́nu. Ó ní Mọ́mì, mo ti gbàgbé pé mo wọ nǹkan kan.

Ẹ̀yin tẹ́lọ̀ tó ń ka èyí, ẹ sọ fún mi, ṣé ìyìn kan wà tó jùyẹn lọ? Mo ti ránṣọ fún ìyàwó, fún ìyá ọkọ, fún aya pásítọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ irú ẹ̀ fún mi rí. Orí mi wú, ara mi bù máṣọ!

Alága wa ti ní ọdọọdún la ó máa rán tiwọn báyìí, ì báà jẹ́ ọmọ wa ló wà níbẹ̀ tàbí kì í ṣe ọmọ wa. Àwọn oníbàtà Ìkọ̀tún náà gbọ́, wọ́n ti ń bèèrè ta ló ń tún bàtà àwọn ọmọ náà ṣe.

Ohun tí mo rí kọ́ rèé: ẹ jẹ́ ká máa bá ìjọba àti ilé-ìwé wí, ó tọ́ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n ṣe ojúṣe wọn. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá bá wọn wí tán, ẹ wo ọwọ́ yín. Kí ló mọ̀ ọ́n ṣe? Àwọn ọmọ tó ń sáré yẹn, tiwa ni wọ́n.

Ó kàn yín o! Kí lẹ ti fi iṣẹ́ ọwọ́ yín ṣe fún ilé-ìwé tàbí eléré ìdárayá kan rí? Àbí ta ló ṣe é fún yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Tó bá sì ya mọ́ yín lọ́wọ́ kó tó dáa, ẹ má tijú, ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ gbọ́!