Tàòfíkàt àti Ojú Ewé Tó Yá Jù

Ìyá Kíá ni wọ́n ń pè é, kò sì bínú sí i. Ká sòótọ́, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ lórúkọ náà, ó wá ń ṣe bí ẹni pé ìlú ló fún un. Tàòfíkàt ọmọ Àlí, obìnrin kúkúrú tí kò mọ ìrìn míì ju eré lọ, ló ni ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan lójú títì tó lọ sí ọjà Kàbà. Yàrá kan ni, sólà wà lórí páànù rẹ̀, kọ̀ǹpútà márùn-ún wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tó máa ń wúkọ́ kó tó ṣiṣẹ́. Síbẹ̀, èèyàn á ti Odo-Ape wá, á ti Makutu wá, àwọn olùkọ́ á wọkọ̀ láti Mopa, wọ́n á kọjá ṣọ́ọ̀bù àwọn ẹlòmíì tó tóbi tó sì ní fáànù, wọ́n á wá tò sẹ́nu ọ̀nà Tàòfíkàt. Ṣé oyin ló ń pín ni? Rárá o. Íńtánẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ ló ń sáré.

Ẹni tó bá ń gbé Kàbà mọ bí ọ̀rọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe rí. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́, tí ìlú ò tíì jí tán, ó máa ń ṣàn geere. Tí oòrùn bá ti yọ, tí gbogbo fóònù ìlú jí, tí kálukú bẹ̀rẹ̀ sí í wo fídíò, òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà nílẹ̀ ò lè gbé wọn mọ́. Èèyàn á tẹ nǹkan kan, á lọ jẹun, á padà wá bá a níbi tó fi í sí. Tàòfíkàt ti kọ́ iṣẹ́ akọ̀wé ní Lọ́kọ́ja, ó ti bá ọ̀gá kan ṣiṣẹ́ pẹ́, ó sì ti rí i pé ohun tó ń lé oníbàárà lọ kì í ṣe ọ̀wọ́n, ìdúró ni. Nígbà tó dá tirẹ̀ sílẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ wá kiri ni sọ́fúwíà kan tí iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó mú íńtánẹ́ẹ̀tì yá lọ. Orí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ ló fi í sí, gbogbo àwọn yòókù sì ń gba inú rẹ̀ jáde.

Sẹ́tíǹgì inú sọ́fúwíà náà pọ̀ rẹpẹtẹ. Ọ̀pọ̀ èèyàn á fi í sílẹ̀ bí wọ́n ṣe bá a, ṣùgbọ́n ọmọ Àlí kọ́ nìyẹn. Ó ń tọ́ ọ wò bí alásè ṣe ń tọ́ ọbẹ̀ wò, díẹ̀ níbí, díẹ̀ lọ́hùn-ún. Ó ní kó fún àwòrán pọ̀ kó lè fúyẹ́. Ó ní kó lé gbogbo ìpolówó dànù. Ibì kan wà tí wọ́n kọ ọ́ sí pé sọ́fúwíà lè máa sáré ṣíwájú, kó ti gbé ojú ewé tí oníbàárà ò tíì tẹ̀ wá dè é. Tàòfíkàt ní ire dé, ló bá tàn án. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, dátà tó rà fún oṣù kan ti tán pátápátá, nítorí sọ́fúwíà ti lọ kan gbogbo ilẹ̀kùn tẹ́nikẹ́ni ò rán an sí. Ó bú kọ̀ǹpútà náà bí ẹni bú ọkọ, ó sì pa ibẹ̀.

Èyí tó wá fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ìpamọ́. Tí sọ́fúwíà bá ti gbé ojú ewé kan wá lẹ́ẹ̀kan, ó lè tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá tún béèrè, inú ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀ ló ti máa rí i gbà, kò ní í dúró de òpó kankan. Bí wọ́n bá ti kírun àsùbáà tán, Tàòfíkàt á gba ṣọ́ọ̀bù lọ tààrà, á máa ṣí ojú ewé àwọn iléèwé àti ti ìjọba ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń lé wọn lọ pọnmi ní kùtùkùtù kí àwọn tó kù tó wá da odò rú. Ó ti sọ fún sọ́fúwíà pé kó tọ́jú gbogbo rẹ̀ títí di alẹ́. Tí oníbàárà bá wá dé lọ́sàn-án, Tàòfíkàt á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ti yọ. Á wá wo onítọ̀hún lójú, á ní, "Kíá ńkọ́?" Àfi kéèyàn gbà fún un.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, Málàm Yàsírù tó ń ta iṣu lọ́jà wọlé wá pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, Hàmdálàt. Ìdánwò àtiwọ iléèwé àwọn nọ́ọ̀sì ló gbé wọn wá. Ọmọ náà ti gba nọ́ńbà tirẹ̀ lórí fóònù, ó ku kó mú ìlú tí yóò ti jókòó ṣe é. Ìlú pọ̀ tí wọ́n lè mú, ṣùgbọ́n Yàsírù ti búra pé bí kì í bá ṣe Kàbà, kò sí ìdánwò. Kò sì sẹ́ni tó lè dá a lẹ́bi. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, Bíllíkísù, ẹ̀gbọ́n Hàmdálàt, wọkọ̀ lọ ṣe ìdánwò kan náà ní ìlú míì. Àwọn kan jáde láti inú igbó, wọ́n dá ọkọ̀ dúró. Ó padà wálé láàyè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà kò dá jáde mọ́. Bó bá fẹ́ dé ọ̀dọ̀ aránṣọ, bàbá rẹ̀ ló ń dì í lọ́wọ́ mú lọ, obìnrin tó ti lé lógún ọdún. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Lọ́jọ́ tó ṣáájú, ìjókòó Kàbà ti kún. Hàmdálàt ti sunkún sùn. Ṣùgbọ́n ní ìyálẹ̀ta ọjọ́ kejì, olùkọ́ rẹ̀, Tíṣà Rachel, tẹ̀ ẹ́ láago pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìjókòó díẹ̀ kún ti Kàbà ni, pé kó sáré kí àwọn ẹlòmíì tó gbọ́. Bó ṣe di pé Yàsírù fi iṣu sílẹ̀ lọ́jà nìyẹn.

"Okun o, Ìyá Kíá," ló fi kí i, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó sì sọ ohun tó gbé wọn wá.

"Okun, Málàm. Okun, Hàmdálàt. Ẹ jókòó. Kàbà, àbí? Ẹ má wulẹ̀ jókòó, kò ní í pẹ́."

Ó tẹ̀ ẹ́. Lójú ẹsẹ̀, ojú ewé yọ: Kàbà, ó ti kún.

Juliet onídìrí tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó wá wo àwòrán irun kan fún oníbàárà tó dì í dé ààbọ̀, kọ háà. Ọ̀gá Ọládipọ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tó sọ pé ìròyìn lòun ń kà àmọ́ tó jẹ́ pé bọ́ọ̀lù ló ń wò, mi orí. Hàmdálàt ń wo ojú kọ̀ǹpútà náà láìṣẹ́jú. Kò sunkún, ó jọ pé ti àná ti gbẹ gbogbo omi ojú rẹ̀.

"Tò," ni Yàsírù wí. "Ọlọ́run ò fẹ́ ẹ. Dìde, ká máa lọ."

Àánú ọmọ náà ṣe Tàòfíkàt débi pé inú ń bí i. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí máòsì. Ó tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Kíá, ó yọ: ó ti kún. Nígbà náà ni nǹkan kan kàn án lọ́kàn. Ìyálẹ̀ta nìyí, Ọládipọ̀ ń wo bọ́ọ̀lù, gbogbo ìlú wà lórí fóònù, ó ti rẹ òpó. Níbo ni ojú ewé yìí ti rí ẹsẹ̀ sáré bẹ́ẹ̀? Ojú ewé tó bá yá tó yìí ní Kàbà ní agogo yìí, kò tíì jáde nílé rárá.

"Málàm, ẹ dúró," ló wí. "Ohun tí ẹ rí yìí, ti àfẹ̀mọ́júmọ́ ni. Èmi ni mo ṣí i lẹ́yìn àsùbáà, kọ̀ǹpútà sì tọ́jú rẹ̀. Nígbà náà, Kàbà kún lóòótọ́. Kọ̀ǹpútà kò tíì lọ béèrè bó ṣe rí báyìí."

Yàsírù wò ó. "Ṣé irọ́ ni kọ̀ǹpútà rẹ ń pa ni?"

"Kì í purọ́. Èmi ni mo ní kó má béèrè mọ́ títí di alẹ́. Màá ní kó béèrè."

Ẹlòmíì ì bá bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ nítorí orúkọ, kó dá nẹ́tíwọ́ọ̀kì lẹ́bi. Ta ni yóò mọ̀? Tàòfíkàt ò gbọ́ irú ìyẹn. Ó ṣí sẹ́tíǹgì. Ó kọ orúkọ sáítì ìdánwò náà sí ibi àwọn tí sọ́fúwíà kò gbọdọ̀ pa mọ́ láé. Ó nu ẹ̀dà ti àárọ̀ kúrò pátá. Ó mọ̀ pé láìsí ìpamọ́, ojú ewé náà máa wọ́ bí ìgbín, nítorí náà ó wá ọ̀nà láti tú ojú ọ̀nà fún un. Ó pa àwòrán, kì í ṣe lórí kọ̀ǹpútà kan, lórí gbogbo wọn.

"Àǹtí!" Juliet ta gìrì. "Irun mi ti lọ! Orí ẹni ẹlẹ́ni wà nílẹ̀ ní ààbọ̀!"

"Fi èyí tó kù dì í bó o ṣe mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá Dípọ̀, ẹ pa bọ́ọ̀lù yẹn."

"Bọ́ọ̀lù kẹ̀? Ìròyìn ni mò ń…"

"Ẹ pa ìròyìn tó ń gbá góòlù yẹn."

Ọládipọ̀ pa á. Juliet fọwọ́ lérán. Tàòfíkàt tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ìlà kékeré tó wà lókè sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ká má parọ́, kì í ṣe ìrìn, fífà ni. Ó dé ìdajì, ó dúró. Ìyá Kíá, tí kì í dúró de ẹnikẹ́ni, ká ọwọ́ lé itan, ó sì jókòó.

Yàsírù dìde. "Tàòfí, iṣu mi wà lójú oòrùn."

"Ẹ jókòó, Málàm. Bí ẹ ṣe rí i tó ń lọ́ra yìí, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ó lọ síbi tí mo rán an."

Ohùn tó fi sọ ọ́ kò gba àríyànjiyàn, ọkùnrin náà bá jókòó. Ìlà náà tún fà. Ojú ewé yọ níkẹyìn, láìní àwòrán, láìní àwọ̀, bí ilé tí wọn ò tíì rẹ́. Ṣùgbọ́n ó hàn kedere: Kàbà, àyè ṣì wà.

Hàmdálàt pariwo. Tàòfíkàt kò pariwo ní tirẹ̀, ó ní kó ka nọ́ńbà rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ sí i, ó sì mú Kàbà. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wúkọ́, ó pọ ìwé jáde, ó sì di tiwọn. Yàsírù ń wí pé "Àlhàmdúlílàhì, Àlhàmdúlílàhì," ó sì ń gbọn ìwé náà bí ẹni pé èrùpẹ̀ wà lára rẹ̀.

Ibẹ̀ ni Hàmdálàt ti fa bàbá rẹ̀ láṣọ. "Bàbá, Bíllíkísù náà ti gba nọ́ńbà tirẹ̀."

"Nọ́ńbà kí ni?"

"Ti ìdánwò yìí. Ọjọ́ kan náà la gbà á. Ìlú nìkan ló ku, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun mú un."

Ọkùnrin náà ò mọ̀. Inú ilé kan náà ni wọ́n ń gbé, kò mọ̀. Ó mú fóònù, ó pe ilé. Nígbà tí Bíllíkísù gbé e, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló ń gbọ́, nítorí pé fóònù Málàm kò mọ ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Bíllíkísù, àyè wà ní Kàbà. Ṣé kí wọ́n mú un fún ọ?"

Bíllíkísù bi í. "Ṣé Kàbà níbí?"

"Kàbà níbí."

"Ẹ má jẹ́ kí wọ́n mú un. Èmi ni mo fẹ́ mú un fúnra mi."

"Tò. Dúró, mò ń bọ̀ wá mú ọ."

"Ẹ má wá, Bàbá. Màá rìn wá."

Yàsírù rọra gbé fóònù kúrò létí. Hàmdálàt ti ń ka nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sílẹ̀ láìwo ibì kankan. Tàòfíkàt tẹ̀ ẹ́ sí i, ó dé ibi tí wọ́n ti ń mú ìlú, ó sì mú ọwọ́ kúrò.

"Àǹtí, ẹ tẹ̀ ẹ́ jàre," ni Juliet wí. "Ìjókòó máa tán! Ẹ̀yin gan-an, Ìyá Kíá!"

"Jẹ́ kó tán, màá tún un wá. Ìlú yìí, òun ló máa mú un."

Wọ́n dúró. Ọládipọ̀ kò tan bọ́ọ̀lù rẹ̀. Oníbàárà Juliet, tí orí rẹ̀ wà ní ààbọ̀, wá dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sọ ohun tó ń lọ fún un, ó sì bá wọn dúró. Ní ìgbà tó yá, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan nínú híjáàbù dúdú yọ lọ́nà, ó ń rìn mọ́ ẹ̀gbẹ́ ògiri, òógùn bo ojú rẹ̀.

"Okun o," ló wí fún gbogbo wọn.

Tàòfíkàt dìde fún un lórí àga. Bíllíkísù jókòó, ó ka ojú ewé náà dáadáa láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sì sí ẹni tó ní kó ṣe kíá. Àyè ṣì wà. Ó gbé ìka lé Kàbà, ó tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí wọ́n ń lọ, Yàsírù na ọwọ́ sẹ́yìn kó lè di ọmọ rẹ̀ mú, bó ti ń ṣe láti ọdún méjì wá. Kò bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Bíllíkísù ti sọdá títì.