Bíréèkì Tó Le Lábẹ́ Ẹsẹ̀ Ọlágúnjú

Láti kékeré ní Ìkìrun ni ọkọ̀ eré ìje ti ń wu Ọlágúnjú, ṣùgbọ́n irun orí rẹ̀ ti ń funfun kó tó ní ọ̀kan. Iṣẹ́ ló gbé e dé ìlú Benin. Yunifásítì kan ló gbà á láti máa tún ẹ̀rọ inú yàrá ìwádìí ṣe. Nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ àwọn Yorùbá kan níbẹ̀ ló ti pàdé Bọ́sẹ̀, olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fẹ́ra wọn, wọ́n sì ń gbé ní àdúgbò Ogida. Ọlọ́run kò fún wọn lọ́mọ. Wọ́n sunkún lórí èyí títí ó fi sú wọn.

Ọkọ̀ eré ìje tí Ọlágúnjú wá rà náà pupa, ilẹ̀kùn méjì ló ní, ó sì kúrú débi pé Bọ́sẹ̀ gbọ́dọ̀ di aṣọ rẹ̀ mú kó tó rọra jókòó, bí ẹni tó fẹ́ jókòó sórí àpótí ìdáná. Ọlágúnjú yọ ẹ́ńjìnì tó bá a wá, ó fi èyí tó lágbára jù ú lọ rọ́pò rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀ tí omi bo títì, kì í gbé e jáde. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú tí ilẹ̀ bá gbẹ, òun àti ìyàwó rẹ̀ yóò gba ọ̀nà Auchi lọ, wọn yóò ra bọ̀ọ̀lì lẹ́bàá títì, wọn yóò sì padà sílé. Ènìyàn jẹ́ẹ́ ni Ọlágúnjú. Inú ọkọ̀ yẹn ni Bọ́sẹ̀ ti máa ń gbọ́ tó ń kọrin.

Lọ́jọ́ kan lọ́nà Ugbor, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan dúró lójijì níwájú rẹ̀. Ó tẹ bíréèkì. Ńṣe ló le lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn ń ti ògiri. Ó yí ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títì, imú ọkọ̀ sì wọ inú iyanrìn tí wọ́n kó sílẹ̀ síwájú ilé kan. Kò sẹ́ni tó fara pa.

Ọ̀dọ̀ Èṣùbíyì ló gbà lọ, mẹkáníìkì ará Ìjẹ̀bú tó ti ń bá a tún ọkọ̀ náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Agbára ẹ́ńjìnì yìí ti ju ti bíréèkì rẹ̀ lọ," Ọlágúnjú wí. "Èyí tó tóbi ni mo fẹ́, irú èyí tí wọ́n fi ń sáré ìje."

"Ẹ̀gbọ́n, díìsìkì tó fẹ̀ dára," ni Èṣùbíyì dáhùn. "Bí irin róbótó tí páàdì ń fún mú yẹn bá fẹ̀, kì í tètè gbóná jù. Ṣùgbọ́n páàdì eré ìje kì í mú irin náà dáadáa àfi tó bá ti gbóná. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tiwa níbí, tútù ló máa wà. Ẹ jẹ́ ká lo páàdì ojú títì tó dára, ká sì pààrọ̀ ọ́ìlì bíréèkì."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Ọlágúnjú ń fi àwòrán oríṣiríṣi bíréèkì han Bọ́sẹ̀ lórí fóònù. Àwọn kan pupa, àwọn kan ní ihò wẹ́wẹ́ lára irin wọn. Ó bi í léèrè èyí tó wù ú.

"Èyí tó máa dá yín padà sílé ni kẹ́ ẹ rà," Bọ́sẹ̀ wí.

Wọ́n ra díìsìkì tó fẹ̀ àti páàdì tí Èṣùbíyì sọ. Wọ́n dè é tán, Ọlágúnjú wà á yípo àdúgbò, ó sì padà wá. Ó ní ó ṣì le. Èṣùbíyì wá páàdì tó rọ̀ ju ìyẹn lọ. Ó ṣì le. Wọ́n pààrọ̀ búsítà, ìyẹn ẹ̀rọ tó máa ń bá ẹsẹ̀ awakọ̀ gbé lára agbára bíréèkì. Nígbà tí Ọlágúnjú tún padà wá, ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Èṣùbíyì, bí iṣẹ́ yìí bá ti ju agbára rẹ lọ, sọ fún mi kí n gbé e lọ síbòmíràn."

Èṣùbíyì kò bínú. "Ẹ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ n wà á."

Nígbà tí wọ́n dé ibi tí títì ti dá páropáro, Èṣùbíyì fi orí ìka ẹsẹ̀ lásán tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ dúró gbọnin, bẹ́líìtì ló dá àwọn méjèèjì mú. Ọlágúnjú wo ọwọ́ ara rẹ̀ tó fi di iwájú ọkọ̀ mú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú," Èṣùbíyì wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ẹ fi ẹsẹ̀ ọ̀tún yín ti àtẹ́lẹwọ́ mi."

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó lọ lóṣòó sí ẹnu ilẹ̀kùn kejì, ó fa ẹsẹ̀ Ọlágúnjú síta, ó sì tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí àtẹ́lẹsẹ̀ náà. Ọlágúnjú tì í títí iṣan ọrùn rẹ̀ fi yọ. Ọwọ́ Èṣùbíyì kò mì.

"Ó ti pẹ́ tí sálúbàtà ti ń bọ́ lẹ́sẹ̀ mi," Ọlágúnjú wí. "Mo rò pé sálúbàtà ló ti fẹ̀."

Àyẹ̀wò ilé ìwòsàn gba àkókò. Dókítà wá sọ fún wọn pé àwọn iṣan tó ń gbé ọ̀rọ̀ láti ọpọlọ wá sára ló ń kú díẹ̀díẹ̀. Láti ẹsẹ̀, yóò dé ọwọ́, yóò dé ọ̀nà ọ̀fun. Kò sí oògùn tó lè dá a padà. Nígbà tí wọ́n délé, Bọ́sẹ̀ wọ ilé ìdáná, ó ṣí omi ẹ̀rọ, ó sì jẹ́ kó máa dà kí ọkọ rẹ̀ má baà gbọ́ ẹkún òun. Ọlágúnjú gbọ́.

Ìgbà tó tún pe Èṣùbíyì, ohùn rẹ̀ tutù. Ó tọrọ àforíjì ọ̀rọ̀ tó sọ lọ́jọ́sí, ó sì ní kó wá yan bíréèkì mìíràn. "Bọ́sẹ̀ ló máa wà á báyìí. Èyí tó wà níbẹ̀ ti mú jù fún ẹni tó ń kọ́ ọkọ̀."

Páàdì tí kì í mú lójijì ni wọ́n yàn. Ọlágúnjú jókòó ti ìyàwó rẹ̀, ó ń kọ́ ọ. "Má gbá a mọ́lẹ̀. Rọra tẹ̀ ẹ́ bí o ṣe ń tẹ tòmátò wò lọ́jà." Bọ́sẹ̀ rẹ́rìn-ín, ọkọ̀ sì kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwọn ọjọ́ Àìkú wọ̀nyẹn kò pọ̀. Kò pẹ́, Èṣùbíyì ló ń gbé e wọ ọkọ̀. Nígbà tó tún yá, kò lè jókòó níbẹ̀ mọ́. Ohùn rẹ̀ ló lọ kẹ́yìn.

Ó kú nígbà ọyẹ́. Wọ́n gbé e lọ sin sí Ìkìrun. Bọ́sẹ̀ kọ̀ láti wọ ọkọ̀ tó gbé òkú. Ó ní ọkọ̀ ọkọ òun lòun máa wà tẹ̀lé e. Èṣùbíyì jókòó tì í. Wọ́n gba Ọ̀wọ̀ àti Àkúrẹ́ kọjá, ọ̀nà sì ń sọ̀ kalẹ̀ láàárín àwọn òkè ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Bọ́sẹ̀ ń rọra tẹ bíréèkì, ọkọ̀ ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu.

"Ẹ wà á dáadáa, Màmá," Èṣùbíyì wí.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n wọ Iléṣà, Bọ́sẹ̀ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó pa ọkọ̀. Ọkọ̀ tó gbé òkú ń lọ níwájú. Ó gbórí lé ọwọ́, ó sunkún tó pọ̀. Lẹ́yìn náà ló na kọ́kọ́rọ́ sí Èṣùbíyì pé kó wà á dé Ìkìrun, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì rìn yí iwájú ọkọ̀ lọ sí ìjókòó kejì.