Ìdí Tí Bàbá Mi Kì í Fi Í Dúró Jẹ́ẹ́
Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò kì í kúrò lọ́wọ́ bàbá mi. Bí a bá ń jẹun nílé wa ní Peckham, ní London, wọ́n á máa mì ín, wọ́n á ní, "Ẹ jẹ́ ká máa lọ," láìsí ibi tí à ń lọ.

Lẹ́yìn tí màmá wa kú, èmi àti àbúrò mi obìnrin mú wọn lọ pẹja ní ìgbèríko lópin ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n wọ inú odò dé orúnkún, wọ́n á ju ìwọ̀, wọ́n á sì fà á padà kíá.

"Daddy, ẹ relax now," àbúrò mi wí. "Ẹ jẹ́ kí ẹja rí i."

"Bí mo bá dúró jẹ́ẹ́, ohùn ìyá yín ni mo máa ń gbọ́."

Àbúrò mi wọ inú omi lọ bá wọn. "Kí ni Mummy ń sọ?"

"Ó ní kí n wọ kóòtù."

Mo bọ́ tèmi, mo gbé e wọ̀ wọ́n. Wọ́n dúró díẹ̀, kí wọ́n tó tún ju ìwọ̀.