Ìdajì Ọsán Ọrun

Ìdí oúnjẹ ni a wà nílé wa ní Pearland, ní Texas, nígbà tí ọmọ mi obìnrin là á mọ́lẹ̀: "Daddy, mo fẹ́ drop class yẹn. Trig ò yé mi at all."

Trigonometry, ìṣirò onígun mẹ́ta tí wọ́n ń kọ́ wọn níléèwé, ló ń sọ. Inú bí mi. Ọmọ tó ti ń sọ láti kékeré pé afárá lòun máa kọ́! Mo ní kó jókòó, mo sì ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe kọ́ èmi náà, àkọ́sórí pẹ̀lú ariwo. "Sine, cosine, tangent! Tún un wí!" Ó wí i títí ó fi bú sẹ́kún. Ó wá ní, "But Daddy, kí ni sine gan-an?" Ẹnjiníà ni mí nílé ìfọpo ní Pasadena, ojoojúmọ́ ni mò ń lò ó, síbẹ̀ ohun tí mo tún ní kó ṣe ni pé kó tún un wí.

Ìyàwó mi ló ní ká lọ bá bàbá ará India tó ń gbé òdìkejì wa, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Bàbá fi ẹfun fa òbìrìkìtì síwájú ilé. Ó tọ́ka sí apá kan etí rẹ̀, ó fa ìlà tààrà láti orí kan apá náà dé ìkejì, ó wá fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé:

"Ọrun ọdẹ nìyí. Okùn tó so orí rẹ̀ méjèèjì pọ̀, ọsán rẹ̀ nìyẹn. Àwọn ará Gíríìkì àtijọ́ máa ń fi odindi ọsán ṣírò. Àwọn baba wa ní India tó ń wo ìràwọ̀ ló rí i pé ìdajì rẹ̀ ló rọrùn jù. Ìdajì yẹn ni sine."

Ọmọ mi gba ẹfun lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fa ìlà kan láti àárín òbìrìkìtì sí orí ọrun, ó fa òmíràn sí àárín ọsán, onígun mẹ́ta bá yọ. "Oh! Daddy, ó ti yé mi!" Inú mi dùn débi pé omi fẹ́ bọ́ lójú mi.

Ẹni a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé iṣu, èmi àti ọmọ mi padà lọ kí bàbá kú oore àná. Ó yà á lẹ́nu. "Ṣé ẹ ò ti dúpẹ́ lánàá ni?"

Kí n tó dáhùn, ọmọ tí mo ti ń bẹ̀ láti ọjọ́ yìí pé kó máa kúnlẹ̀ kí àgbà ti wà lórí ìkúnlẹ̀ lórí kọnkéré, ó ń sọ fún bàbá pé òun ò ní fi kíláàsì náà sílẹ̀ mọ́. Mo fẹ́ máa ṣàlàyé àṣà wa. Àṣé kò nílò àlàyé. Bàbá ti gbé ọwọ́ lé e lórí, ó ń fi èdè tirẹ̀ súre fún un. Mi ò gbọ́ ọ̀kan nínú rẹ̀, mo ṣáà ń ṣe àmín.