Ẹ̀rọ Tí Ó Ń Ṣàṣìṣe Nígbà Ìrun

Ọlásúnkànmí Àjàgbé kò hun aṣọ mọ́. Ogójì ọdún ni ó fi jókòó nídìí òfì ní Ìsẹ́yìn kí orúnkún rẹ̀ tó kọ iṣẹ́ fún un. Nísinsìnyí, kọ̀ǹpútà ni ó fi ń ya àrà aṣọ òkè: yóò to àwọ̀ mọ́ àwọ̀, yóò ka iye òwú tí ìlà kọ̀ọ̀kan máa gbà, yóò sì fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ahunṣọ tí orúnkún tiwọn ṣì le.

Yàrá Ismaheel, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Àdìjátù, ìyá Ismaheel, ti kú. Ọdún méjì lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ọmọ náà lọ sí Kánádà. Kí ó tó lọ, ó fi odindi ọjọ́ méjì to kọ̀ǹpútà orí tábìlì kan fún bàbá rẹ̀. Ó ra ẹ̀yà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tò ó, ó sì yí ìwọ̀n eré rẹ̀ padà. Ó mú kí pírósẹ́sọ̀, tí í ṣe ọpọlọ ẹ̀rọ, àti ráàmù, níbi tí ẹ̀rọ ń kó ohun tí ó ń ṣe lọ́wọ́ sí, máa sáré ju iye tí àwọn tó ṣe wọ́n kọ sí wọn lára. Àjàgbé jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń bá a di tọ́ọ̀ṣì mú. Àwọn méjèèjì kò tún jókòó pọ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ mọ́ kí ọkọ̀ Èkó tó gbé ọmọ náà lọ.

Ọdún mẹ́ta ni ẹ̀rọ náà fi ṣiṣẹ́ láìkọsẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ ọdún yìí bẹ̀rẹ̀, Àjàgbé gbé e kúrò lábẹ́ tábìlì, ó gbé e sí ẹ̀bá fèrèsé, nítorí ibẹ̀ ni wáyà sólà tuntun dé. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí wàhálà fi dé. Àjàgbé yóò bá ojú ẹ̀rọ náà ní búlúù, tàbí kí ó bá a pé ẹ̀rọ ti pa ara rẹ̀, ó sì ti tún tàn, iṣẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ yóò ti lọ. Nígbà tí ó ya àrà kan fún Jẹ́ẹ́dé, ahunṣọ tí ó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ jù lọ, ó tọ́jú àwòrán náà pamọ́ dáadáa. Ní ọjọ́ kejì, àwòrán náà kọ̀, kò ṣí.

Ó pe Ismaheel ní aago méjì ọ̀sán, nígbà tí ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ lọ́hùn-ún.

"Bàbá, kò le rárá. Ráàmù ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ yẹn. Ẹ kàn dá gbogbo ẹ̀ padà sí bó ṣe ti ilé iṣẹ́ wá. Bọ́tìnì kan ṣoṣo ni."

"Eré tí o fi sí i ńkọ́?"

"Ìyẹn ò tó nǹkan, Bàbá. Ẹ ò tiẹ̀ ní mọ ìyàtọ̀. Mo ti ń pẹ́ dé ibi iṣẹ́, màá pè yín ní ọjọ́ Jímọ̀."

Àjàgbé ṣí ojú ìwé tí a fi ń ṣètò ẹ̀rọ náà, ó rí bọ́tìnì ọ̀hún, kò sì tẹ̀ ẹ́. Aṣọ Ismaheel tó kù nílé ti kéré jù fún ẹnikẹ́ni. Ìwé ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, ikán ti jẹ ẹ́. Àwọn nọ́ńbà tí ó wà lójú ìwé yìí nìkan ni iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ náà tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú ilé. Àjàgbé fẹ́ mọ ohun tí ó ń ṣe ẹ̀rọ náà láìjẹ́ pé ó pa iṣẹ́ ọwọ́ yẹn rẹ́.

Bí òwú bá ń já lórí òfì, ahunṣọ kì í gé gbogbo rẹ̀ dànù. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó ń fọwọ́ bà wọ́n títí yóò fi kan èyí tí kò dán. Ọ̀nà yìí náà ni Àjàgbé gbà. Ó wá ètò ìdánwò kan tí ó máa ń kọ nǹkan sínú ráàmù, tí ó máa ń kà á padà, tí ó sì ń ka iye ìgbà tí ohun tí ó kà yàtọ̀ sí ohun tí ó kọ. Ó kọ́kọ́ kọ gbogbo nọ́ńbà Ismaheel sílẹ̀. Ó wá dá pírósẹ́sọ̀ nìkan padà sí ìwọ̀n ilé iṣẹ́; àṣìṣe kò dáwọ́ dúró. Nítorí náà, ọwọ́ pírósẹ́sọ̀ mọ́, ó dá eré rẹ̀ padà fún un. Ráàmù méjì ni ó wà nínú ẹ̀rọ náà. Ó yọ ọ̀kan, ó dán èkejì wò. Ó yọ èkejì, ó dán ọ̀kan wò. Àwọn méjèèjì ṣe àṣìṣe. Ó fi díẹ̀ kún agbára iná tí ń lọ sínú wọn, àṣìṣe sì pọ̀ sí i.

Ó ń kọ àkókò àṣìṣe kọ̀ọ̀kan sínú ìwé. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án, ó ka ìwé náà láti òkè dé ilẹ̀, ẹnu sì yà á. Àṣìṣe kan kò wáyé níṣojú rẹ̀ rí. Ìgbà tí ó bá lọ sí mọ́sálásí fún ìrun Àyìlà tàbí Àlàásárì ni wọ́n ń wáyé. Ọjọ́ Jímọ̀, tí wáàsí máa ń gùn, ni ó burú jù.

Mùyìbátù, tí àdúgbò ń pè ní Ìyá Sodiqat, ń ká òwú ní ìta ilé kejì. Ó rí i láti ojú fèrèsé.

"Bàbá Ismaheel, ẹ tún ti ń ṣọ́ ọ? Ọmọ tuntun gan-an kì í gba ìṣọ́ tó báyìí."

"Ẹ̀rọ yìí ń fi mí ṣẹ̀sín ni, Ìyá Sodiqat. Tí mo bá jókòó tì í, jẹ́jẹ́. Tí mo bá ti lọ kírun, ó di ẹhànnà."

Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. "Àfi kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ Lèmọ́mù, kí wọ́n gbàdúrà sí i létí!"

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín."

"Ṣé kí n sunkún ni? Ẹ fẹ́ ìyàwó mìíràn, ẹ ò ní ráyè ẹ̀rọ."

Àjàgbé yíjú padà sí ẹ̀rọ náà. Ìyá Sodiqat mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ibi tó yẹ. Ó tẹrí ba, ó ń ká òwú rẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ kejì, orúnkún dá a dúró sílé. Ó tẹ́ ẹní sínú yàrá náà, ó sì kí ìrun Àyìlà níbẹ̀, ẹ̀rọ ń dán ara rẹ̀ wò lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí ó sálámà, ó yíjú wo àbájáde rẹ̀: kò sí àṣìṣe kankan.

Ní ìrọ̀lẹ́, orúnkún ti fúyẹ́. Ó ṣe àlùwàlá, ó dìde láti lọ kírun Àlàásárì, ọwọ́ rẹ̀ sì ti na ẹ̀wù àtijọ́ kan bo orí ẹ̀rọ náà kí ó tó mọ̀. Ó dúró síbẹ̀. Ahunṣọ kì í dìde fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní ìhòòhò fún eruku. Láti kékeré ni bàbá rẹ̀ ti fi pàṣán kọ́ ọ. Láti ọjọ́ tí ẹ̀rọ náà ti wà lẹ́bàá fèrèsé, tí ọyẹ́ ń fẹ́ eruku pupa wọlé, ni ó ti ń bò ó kí ó tó jáde, tí ó sì ń ṣí i kí ó tó jókòó. Orí ẹ̀rọ náà ni ihò tí fáànù ń gbà tú ooru jáde wà.

Kò lọ sí mọ́sálásí lọ́jọ́ náà. Ó fi ẹ̀wù náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó jókòó, ó ń wo aago. Ní ìṣẹ́jú méjìdínlógún, ara ẹ̀rọ náà gbóná bí ọmọrí ìkòkò, àṣìṣe àkọ́kọ́ sì yọ. Ó ká ẹ̀wù náà kúrò. Nígbà tí ara ẹ̀rọ tutù, àṣìṣe dáwọ́ dúró. Ráàmù tí ń sáré tó bẹ́ẹ̀ kò fara da ooru.

Bí ó bá ṣe pé ẹlòmíràn ń gbé inú ilé náà, tí ó ń gba ẹnu ọ̀nà yàrá kọjá nígbà tí onílé bá jáde, ọjọ́ kan péré ni ìbá fi rí i. Àjàgbé ro èyí, ó sì kírun rẹ̀.

Ó wá wáyà gígùn, ó dá ẹ̀rọ náà padà sábẹ́ tábìlì. Ó dá agbára iná tí ó fi kún un padà, ó sì fi ìka tọ nọ́ńbà Ismaheel lójú ẹ̀rọ àti nínú ìwé: kò sí èyí tó yí padà. Ní ọjọ́ Jímọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ ìdánwò náà láti àárọ̀, ó lọ kírun, ó dé. Wákàtí mẹ́jọ, àṣìṣe òfo. Ismaheel kò ì pè. Àjàgbé fi fóònù ya àwòrán àbájáde náà, ó fi ránṣẹ́ sí i, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Mi ò tẹ bọ́tìnì yẹn. Bí o ṣe ṣe é gan-an ló wà."

Kò pẹ́ tí àmì méjèèjì fi di búlúù: ọmọ náà ti kà á. Àjàgbé gbé fóònù sórí itan, ó ń dúró. Nígbà tí wọ́n pe ìrun Àlàásárì, ó tún wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó sì jáde.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni èsì tó dé. Àwòrán àtàǹpàkò kan ni, tí ó nà sókè. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan pẹ̀lú rẹ̀.